Òwú, ọgbẹ́ àti ogójì ọjọ́: ohun tí àwọn ìyá ìkókó ń bi mí lẹ́yìn CS

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni àwọn ìyá tó fi iṣẹ́ abẹ (CS) bímọ máa ń wá bá wa fún àyẹ̀wò. Wọn ò ní tíì gbé ọmọ kalẹ̀ tán tí wọ́n á fi bi mí pé, “Àǹtí nọ́ọ̀sì, irú òwú wo ni wọ́n fi rán mi?” Ẹni tí ojú iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ń ṣomi á ti pinnu pé òwú yẹn ló burú. Ẹni tí tirẹ̀ jinná kíá á ní òwú òyìnbó gidi ni wọ́n lò fún òun. Ẹnu ti fẹ́ẹ̀ bó mi lórí ìdáhùn kan náà, ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ lè kà á nígbà tí ọmọ bá sùn.

Ìdáhùn ọ̀hún rèé ní kúkúrú: òwú kì í wo ọgbẹ́. Ara ló ń wò ó. Òwú kàn ń bá a di etí méjèèjì mú ni, títí ara yóò fi ṣe tirẹ̀ tán. Àlàyé ló kù.

Ojú kan ṣoṣo ni mo rí lára mi. Ṣé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n rán?

Rárá o. Ìlà tí ẹ rí nísàlẹ̀ ikùn, díẹ̀ lókè irun abẹ́, ẹnu ọ̀nà lásán ni. (Pfannenstiel, dókítà ará Jámánì, ló kọ̀wé nípa ìlà ìbú yìí ní 1900, ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ fi wà nínú fáìlì ọ̀pọ̀ nínú yín.) Bí dókítà bá la awọ ara, ọ̀rá ló máa kàn. Lábẹ́ ọ̀rá ni awọ funfun kan wà tó le bíi kánfáàsì. Òun ló ń gbé gbogbo ikùn ró. Iṣan tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọn kì í sábà gé e, ńṣe ni wọ́n máa ń yà á sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ya kọ́tìnnì. Lẹ́yìn náà ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo inú ikùn, kí wọ́n tó kan ilé ọmọ, tí àpò ìtọ̀ fara tì níwájú.

Bí ọmọ àti ibi bá ti jáde, láti inú ni wọ́n á ti máa rán an bọ̀ wá síta. Ilé ọmọ ni àkọ́kọ́, yálà ní ìpele kan tàbí méjì. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn, ọ̀pọ̀ dókítà kì í rán an mọ́, torí ó máa ń padà fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Awọ tó le bíi kánfáàsì, dandan ni kí wọ́n rán an kó múná. Bí ìyẹn bá já, ìfun lè yọ. Ọ̀rá, bó bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2, wọ́n máa ń fi òwú so ó pọ̀ kí omi ara má bàa rí àyè dúró sí níbẹ̀. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ló wá kan awọ ara.

Télọ̀ tó mọṣẹ́ kò jẹ́ fi òwú kan náà rán aṣọ òkè àti léèsì. Bó ṣe rí nínú ikùn nìyẹn. Nínú CS kan ṣoṣo, òwú lè jẹ́ oríṣi méjì tàbí mẹ́ta.

Àwọn òwú wo gan-an ni wọ́n ń lò?

Èyí tó ń yòrò nínú ara wà, èyí tí kì í yòrò wà.

Nínú àwọn tó ń yòrò, catgut ló ti pẹ́ jù. Orúkọ rẹ̀ máa ń ṣi àwọn tó gbọ́ òyìnbó lọ́nà, wọ́n á ní ìfun ológbò ni. Ìfun àgùntàn tàbí ti màlúù ni wọ́n fi ń ṣe é. Ara máa ń dà á bí inú ṣe ń da ẹran, ìdí nìyẹn tí ibi tí wọ́n fi í rán fi máa ń wú ju ti òwú mìíràn lọ díẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní chromic ni wọ́n ti fi èròjà kírómíọ̀mù pa lára kó lè pẹ́ sí i kó tó yòrò. Ní Yúróòpù, wọ́n ti kó catgut kúrò lọ́jà láti 2001 nítorí ìbẹ̀rù àrùn wèrè màlúù. Lọ́dọ̀ wa níbí ó ṣì wà, nítorí kò wọ́n.

Vicryl ni ẹ máa gbọ́ jù lóde òní. Ilé iṣẹ́ ló ń ṣe é, kò ti ara ẹran wá. Wọ́n hun ún pọ̀ bí irun dídì, omi ara ló sì ń tú u díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní sí mọ́ láàárín ọjọ́ 56 sí 70. Monocryl jẹ́ fọ́nrán kan ṣoṣo tó ń dán. Ó ń gba ọjọ́ 91 sí 119 kó tó pòórá. PDS ń pẹ́ tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ó sì wúlò fún awọ líle, pàápàá bí wọ́n bá la ikùn ní òòró.

Ẹ má jẹ́ kí iye ọjọ́ wọ̀nyí tàn yín. Agbára òwú máa ń tán tipẹ́tipẹ́ kí òwú fúnra rẹ̀ tó tán. Monocryl tó wà lára fún oṣù mẹ́ta, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló lè fi di nǹkan mú. Vicryl ń gbìyànjú tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Náílọ́ọ̀nù kì í yòrò. Bí wọ́n bá fi rán awọ ara, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Àwọn ilé ìwòsàn kan a tún máa lo irin kéékèèké bí èyí tí wọ́n fi ń di bébà pọ̀ ní ọ́fíìsì. Ìyẹn náà, yíyọ ni.

Ní ti nọ́ńbà ara pákẹ́ẹ̀tì, bí òdo bá ṣe ń pọ̀ sí i ni òwú ń tín-ín-rín sí i. Bàbá ọmọ kan ti bá mi fa wàhálà rí lórí èyí. Ó ní kí ló dé tí òun sanwó 3-0 (ìyẹn òdo mẹ́ta), tí òwú ọ̀hún tún wá kéré sí èyí tí wọ́n kọ 1 sí lára. Àṣé ó rò pé wọ́n ti pààrọ̀ òwú mọ́ òun lọ́wọ́ ni.

Ṣé òwú tó bá wọ́n jù ló ń jẹ́ kí ọgbẹ́ tètè jinná?

Ní ti ilé ọmọ, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní CORONIS, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2013. Àwọn obìnrin tó lé ní 15,000 ló wà nínú rẹ̀, ní Gánà, Kẹ́ńyà, Sùdáànì, Íńdíà, Pakísítánì, Ajẹntínà àti Ṣílè. Wọ́n fi chromic catgut rán ilé ọmọ àwọn kan, wọ́n fi irú òwú tí Vicryl jẹ́ rán ti àwọn mìíràn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín wọn, yálà nínú ikú, àkóràn, gbígba ẹ̀jẹ̀ tàbí pípadà sí tíátà. Wọ́n tún tẹ̀ lé wọn fún ọdún mẹ́ta, síbẹ̀ kò sí èyí tó borí èkejì. Mo fẹ́ràn ìwádìí yìí nítorí pé ilé ìwòsàn tó jọ tiwa ni wọ́n ti ṣe é, níbi tí iná ti ń lọ, tí àwọn aláìsàn sì pọ̀ ju bẹ́ẹ̀dì lọ.

Orí awọ ara ni òwú ti ń fi ìyàtọ̀ hàn. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan ní 2014 fi òwú wé irin kéékèèké. Nínú àwọn tí wọ́n fi irin dì, 10.6 nínú 100 ni ojú ọgbẹ́ wọn ní ìṣòro. Nínú àwọn tí wọ́n fi òwú rán, 4.9. Òmíràn ní 2017 fi Monocryl wé Vicryl: 8.8 nínú 100 fún Monocryl, 14.4 fún Vicryl. Ẹ rántí pé Vicryl jẹ́ híhun. Kòkòrò àrùn lè fara pa mọ́ sí àárín àwọn fọ́nrán rẹ̀ bí iná orí ṣe ń fara pa mọ́ sínú irun. Ara Monocryl tó ń dán kò gba irú ìyẹn.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fún bàbá ọmọ ní ìwé pé kó lọ ra òwú ní ilé oògùn, kó ra ohun tí wọ́n kọ gẹ́lẹ́. Kó wo ọjọ́ tí òwú máa bà jẹ́, kó sì rí i pé pákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò ya, kò rin. Òwú olówó iyebíye tí pákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ya kò sàn ju òwú ìránṣọ lọ. Bí agbára bá ku díẹ̀, ẹ fi béèrè bóyá wọ́n ti fún ìyá ọmọ ní abẹ́rẹ́ apakòkòrò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n fún un *kí ọ̀bẹ tó kan ara*, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé ọmọ jáde. Abẹ́rẹ́ kan yẹn ń dènà àkóràn ju orúkọ òwú èyíkéyìí lọ.

Bàbá mi àgbà ní iṣẹ́ òyìnbó ni CS, pé àwọn baba wa ò mọ̀ ọ́n. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ kí bàbá fún mi, ṣùgbọ́n ní Bunyoro, tó wà ní Ùgáńdà òní, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ní 1879, òyìnbó kan tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, tó ń jẹ́ Felkin, wà níbẹ̀ tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí obìnrin kan tó tó ẹni ogún ọdún. Ó sì kọ ohun tó fojú rí sílẹ̀ ní 1884. Wọ́n fún aboyún ní ọtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mu. Oníṣẹ́ abẹ fi ọtí náà wẹ ọwọ́ ara rẹ̀ àti ikùn obìnrin náà, ó là á ní òòró, wọ́n sì fi irin gbígbóná dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Bí ọmọ ti jáde, wọ́n fọwọ́ fún ilé ọmọ títí ó fi sún kì, wọn ò fi òwú kankan kàn án. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ méje, tí wọ́n ti dán lára, ni wọ́n fi gún etí ọgbẹ́ pọ̀, wọ́n wá fi okùn tí wọ́n ti ara èèpo igi ṣe wé e. Wọ́n jẹ gbòǹgbò igi lẹ́nu, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ irin, ọjọ́ kẹfà wọ́n ti yọ gbogbo rẹ̀ tán, ọjọ́ kọkànlá ọgbẹ́ ti jinná.

Ní Yúróòpù ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ dókítà ò gbà pé ó yẹ kí wọ́n rán ilé ọmọ. Ńṣe ni wọ́n máa ń dá a padà sínú bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ á máa ya, tí ọ̀pọ̀ ìyá á sì kú. Ọdún 1882 ni Max Sänger, ará Jámánì, kọ ìwé tó yí wọn lérò padà. Wáyà fàdákà àti òwú sílíìkì ló ní kí wọ́n máa lò.

Ọjọ́ mélòó ni ọgbẹ́ máa fi jinná?

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀, nítorí ibí ni awọ ara ti máa ń tan èèyàn jẹ.

Láàárín wákàtí 48, ojú awọ ara ti máa ń dé. Omi lásán ò lè gba ibẹ̀ wọlé mọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣí báńdéèjì kúrò, tí a sì ń ní kí ẹ wẹ̀. Ní ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn, ńṣe ni ara ń gbálẹ̀: ó ń kó òkú ẹran ara àti kòkòrò kúrò, ibẹ̀ á máa gbóná, á máa wú díẹ̀, á sì máa dùn yín. Lẹ́yìn ìyẹn títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ara ń ta fọ́nrán tuntun láti etí kan bọ́ sí èkejì, bí aláǹtakùn ti ń ta òwú. Ó yára, ṣùgbọ́n kò tíì le. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ó ń tún fọ́nrán wọ̀nyí tò, ó ń fún wọn le. Ọdún kan gbáko ni, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ ti rò pé ohun gbogbo ti parí, ibi tí wọ́n rán kò tíì ní ìdajì agbára tó ní tẹ́lẹ̀. Níbi tó bá sì le dé jù, nǹkan bí 80 nínú 100 ló máa dé. Kì í padà sí 100. Ẹ wá fi èyí wé ọjọ́ tí agbára Vicryl ń tán, ẹ ó rí i pé òwú ti fẹ́ tú ọwọ́ sílẹ̀ nígbà tí ara ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìdí rèé tí a fi ń pariwo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn ìyá wa tó ń ká ìyá ìkókó mọ́ inú ilé fún ogójì ọjọ́ kò ka ìwé kankan, ṣùgbọ́n ìṣirò wọn kò jìnnà síbẹ̀.

Ìgbà wo ni wọ́n máa yọ òwú mi?

Bó bá jẹ́ èyí tó ń yòrò, kò sí yíyọ. Bó bá jẹ́ náílọ́ọ̀nù, ọjọ́ 5 sí 7 ni fún ìlà ìbú, ó máa ń tó ọjọ́ 7 sí 10 fún ti òòró, ó sì lè pẹ́ sí i fún ẹni tó sanra tàbí tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Yíyọ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pẹ́ jù, nítorí ojú abẹ́rẹ́ á fi àpá sílẹ̀ bí ojú àkàbà.

Bí ẹ bá rí sónsó òwú tó yọ orí síta, ẹ má fà á, ẹ má sì fi bíléèdì gé e nílé. Ẹ wá. Ìṣẹ́jú kan ni a ó fi gé e.

Ìyá ọkọ mi fẹ́ fi omi gbígbóná tẹ ikùn mi.

Ẹ bá mi fi ọ̀wọ̀ bẹ Ìyá. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ tí wọ́n fi tọ́jú ẹ̀yin àti ọkọ yín náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó bí i lójú ara ni wọ́n ń ṣe é láyé ọjọ́un. Nígbà tí wọ́n là yín, wọ́n gé àwọn iṣan wẹ́wẹ́ tí ń jẹ́ kí awọ ara mọ nǹkan lára. Ibẹ̀ ti kú tipiri. Omi tó lè bó yín, ẹ ò ní mọ̀ pé ó gbóná tó bẹ́ẹ̀ títí awọ á fi ṣí. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: ojú iṣẹ́ abẹ jinná dáadáa, iná omi ló wá gbé ìyá padà wá sí wọ́ọ̀dù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, awọ líle inú tí òwú ṣì ń dì mú ni ọwọ́ Ìyá ń tẹ̀.

Ilé ọmọ mọ bó ṣe ń sún kì fúnra rẹ̀. Inú rírun tó ń mú yín nígbà tí ọmọ bá ń mu ọmú, iṣẹ́ yẹn ló ń ṣe. Bí Ìyá bá fẹ́ ṣe nǹkan, kí wọ́n wẹ ọmọ, kí wọ́n sì gba abọ́ àti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ara, ẹ jẹ́ kó ṣàn gba ojú ọgbẹ́, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ibẹ̀ gbẹ, ẹ má nù ún nínù líle.

Kí ni kí n fi sí i? Aládùúgbò mi ní kí n tú ampiclox lé e lórí.

Ẹ má tú u. Inú ni wọ́n ṣe oògùn yẹn fún. Bí ẹ bá tú ìyẹ̀fun rẹ̀ sí ojú ọgbẹ́, á gan, á di èèpo, ọyún á wà lábẹ́ rẹ̀ tí ẹ ò ní rí. Ó tún lè jẹ́ kí ara yín kọ oògùn náà, kí kòkòrò sì mọ́ ọn lára. Sípírítì ń jó ẹran tuntun tí ara ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Àdín, òrí, róòbù, omi iyọ̀, ewé gígún, kò sí èyí tó yẹ kó kan ibẹ̀ nígbà tí kò tíì jinná. Ọgbẹ́ tó mọ́, tó gbẹ, tí aṣọ ò há mọ́, kò bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan kan.

Pátá tó ga kọjá ojú iṣẹ́ abẹ ni kí ẹ wọ̀, èyí tí wọ́n fi òwú ṣe. Bí ikùn bá ṣubú bo ibẹ̀, ẹ máa gbé e sókè lójoojúmọ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Òógùn abẹ́ ikùn ti ba ọgbẹ́ jẹ́ ju òwú burúkú lọ.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kòkòrò ti wọ̀ ọ́?

Ìwé òyìnbó á ní ẹ wò ó bóyá ó pọ́n. Lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n kì í hàn bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ lè dú sí i, ó lè máa dán bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á, tàbí kó le bíi pákó lábẹ́ ìka. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án kí ẹ sì fi wé ìhà kejì ikùn: ṣé ó gbóná jù? Ìrora ọgbẹ́ tó ń jinná máa ń dín kù lójoojúmọ́. Bó bá ń pọ̀ sí i láti ọjọ́ kẹrin sí ìkeje, ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò. Ọyún, òórùn, ibà, òtútù tó ń gbọ̀n yín, ẹ̀jẹ̀ abẹ́ tó ń rùn, ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ wá.

Ẹni tó rọbí títí kí wọ́n tó gbé e lọ sí tíátà, tí omi rẹ̀ ti dà tipẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀, tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí tó sanra, kó ṣọ́ra jù. Bí ẹ bá wò ó, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo kà sílẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó ya pákẹ́ẹ̀tì òwú.

Ojú rẹ̀ ti ṣí. Ṣé wọ́n á tún un rán?

Ó dá lórí bó ṣe jìn tó. Bó bá jẹ́ awọ ara àti ọ̀rá nìkan, ẹ̀rù kò bà wá. A ó tú ọyún dànù, a ó máa wẹ̀ ẹ́, a ó máa dì í, ẹran á máa hù láti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bó bá ti mọ́ dáadáa, dókítà lè tún un rán kó yá. Rírán ọgbẹ́ tí ọyún ṣì wà nínú rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn ti ilẹ̀kùn mọ́ olè sínú ilé.

Ṣùgbọ́n bí omi tó pọ́n díẹ̀ bá ṣàdédé rọ́ jáde, tí ẹ sì mọ̀ ọ́n lára bí ẹni pé nǹkan já nínú, tàbí tí ẹ rí ohun tó jọ ìfun, awọ líle ló já yẹn. Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ fi omi tó mọ́ rẹ bò ó, ẹ má tì í padà, ẹ má jẹun, ẹ má mu nǹkan kan, kí wọ́n gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Wọ́n ní ẹyin àti ẹran máa ń jẹ́ kí ọgbẹ́ kẹ̀.

Irọ́ ni. Ẹran ara ni ara ń hun, ẹran ara náà ló ń bèèrè: ẹyin, ẹja, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà, wàrà. Ẹ fi ẹ̀fọ́ àti ọsàn sí i. Ẹ̀kọ nìkan kò lè gbé e.

Ìgbà wo ni mo lè pọn ọmọ?

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kì í ṣe wíwúwo ọmọ ló ń dà mí láàmú, ọmọ tuntun kò wúwo. Bíbẹ̀rẹ̀ síwájú kí ẹ tó gbé e sẹ́yìn ni, àti ọ̀já tí ẹ máa fún mọ́ ikùn. Ẹ gbé e sí àyà ná. Korobá omi, jẹnẹrétọ̀, odó, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹlòmíràn; ohun tó bá ti wúwo ju ọmọ lọ kì í ṣe tiyín lásìkò yìí. Bí ẹ bá fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ tó fọwọ́ ti ara dìde. Bí ikọ́ tàbí ẹ̀rín bá dé, ẹ fi ìrọ̀rí tẹ ikùn mú. Ṣùgbọ́n ẹ máa rìn o, láti ọjọ́ kejì pàápàá, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì sí yín lẹ́sẹ̀.

Ní ti ọkọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà ni. Ẹ fi ètò sí ọmọ bíbí kí ó tó di pé ẹ bẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ kú tipiri, ó sì ń yún mi.

Àwọn iṣan wẹ́wẹ́ tí wọ́n gé ló ń hù padà. Ó lè gba oṣù, ó lè tó ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àpá mi ti wú, ó sì ń tàn kálẹ̀. Ṣé òwú ló fà á?

Àpá tó bá wú ṣùgbọ́n tó dúró sí ojú ìlà rẹ̀ yàtọ̀ sí kílọ́ìdì. Ti àkọ́kọ́ sábà máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ bí oṣù ti ń lọ. Kílọ́ìdì a máa kọjá etí ọgbẹ́ lọ sí ara tí ọ̀bẹ kò kàn rárá, ó sì wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn mìíràn lọ. Ẹni tí ibi tí wọ́n lu etí rẹ̀ ti wú bẹ́ẹ̀, tàbí tí ìyá rẹ̀ ní in, kó sọ fún dókítà *kí* iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀. Òwú tí kò mú ara bínú, tí wọn ò fà le jù, lè ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sínú àpá náà wà, gẹ́ẹ̀lì sílíkóònù náà wà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn gé e nìkan, nítorí ó sábà máa ń padà, á sì tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo ti bí èyí pẹ̀lú CS. Ṣé mo lè bí òmíràn fúnra mi?

Ọ̀pọ̀ lè ṣe é. Nínú àwọn tó ti ṣe CS kan, tí wọ́n sì gbìyànjú láti bí lójú ara, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ń bí i. Ewu tó wà níbẹ̀ ni kí ojú ibi tí wọ́n rán nínú ilé ọmọ ya. Ìyẹn ń ṣẹlẹ̀ sí nǹkan bí ẹnì kan nínú 200, ìdí nìyẹn tí kò fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ilé agbẹ̀bí tí kò ní tíátà ni ẹ máa lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ẹ fi ó kéré tán oṣù 24 sílẹ̀ lẹ́yìn ìbí kí ẹ tó tún lóyún.

Ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í bi mí ní Ọjọ́rú, òun gan-an ló sì ṣe pàtàkì jù òwú lọ: ọ̀nà wo ni wọ́n gbà la ilé ọmọ? Bó bá jẹ́ ní ìbú, nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lókè yìí bá yín mu. Bó bá jẹ́ ní òòró lápá òkè, ewu yíya pọ̀ gan-an, wọn kì í jẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rọbí. Ẹ ò lè fi ojú mọ̀ ọ́n, nítorí ìlà awọ ara lè wà ní ìbú kí ti inú wà ní òòró. Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ìwé fún yín, irú ìlà àti ìdí tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ náà, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sí ibi tí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ wà.